Rwenzori: Yìnyín Lókè, Omi Nísàlẹ̀

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán ní Nyakalengija tí àwọn alábàárù fi máa ń dé. Abúlé kékeré ni, ní ẹsẹ̀ òkè Rwenzori ní ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà, níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí. Àpò ìrẹsì, ìkòkò, epo ìdáná, aṣọ òtútù àwọn àlejò: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà ru ju agbára rẹ̀ lọ. Wọ́n á wá so okùn mọ́ ẹrù, wọ́n á fi okùn náà kọ́ iwájú orí, ẹrù á sinmi lé ẹ̀yìn. Bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, nítorí ẹrẹ̀ ni wọn yóò máa bá jà fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Òkè fúnra rẹ̀ kò hàn. Oko kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nítòsí, lẹ́yìn wọn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tútù yọ̀yọ̀ kan tó gòkè wọ inú kùrukùru lọ. Àlejò tí kò gbọ́ ìtàn ibẹ̀ rí kò lè mọ̀ pé lẹ́yìn kùrukùru yẹn ni yìnyín wà, yìnyín tòótọ́ tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó ń gbé abúlé náà. Láti ibẹ̀ sí ìlà agbede-méjì ayé kò tó kìlómítà 50.

Yìnyín yẹn ló gbé orúkọ Rwenzori dé òkèèrè. Òun náà ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, nítorí ó ń tán lọ. Ó yẹ kí a ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tẹ̀lé omi láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé ohun tó ń bọ́ àwọn ènìyàn tó yí òkè náà ká kì í ṣe yìnyín, àti pé ohun náà gan-an ni a kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí.

Ilẹ̀ ló gbé e sókè

Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí àwọn òkè tí a mọ̀ jù ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Òkè ayọnáyèéfín ni Kilimanjaro, òkè ayọnáyèéfín ni òkè Kẹ́ńyà. Ohun gbígbóná tó tú jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ló kó jọ tó di gíga bẹ́ẹ̀.

Rwenzori kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ ti ń ya díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ẹ̀ka kan lára ìyasílẹ̀ náà sì gba ààlà Ùgáńdà àti Kóńgò kọjá. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń là báyìí, apá kan máa ń rì, apá kan a sì máa ga. Apá tó rì ló di àfonífojì àti adágún omi: adágún Albert ní àríwá, adágún Edward ní gúúsù. Apá tó wà láàárín wọn ni ilẹ̀ tì sókè, odindi, bí òkúta rẹ̀ ṣe wà.

Nítorí náà, òkúta tó wà lórí Rwenzori dàgbà ju Rwenzori lọ. Àwọn kan nínú òkúta náà ti lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ òkè náà kò gòkè dé ibi tó wà yìí títí di bíi mílíọ̀nù ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èyí tí kò ju àná lọ lójú àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀.

Ọ̀wọ́ òkè kékeré ni. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 120 lọ, ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ti rin ìrìn tó tó o. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 50. Ṣùgbọ́n láàárín ààyè tóóró yìí, ilẹ̀ gbéra láti nǹkan bíi mítà 700 ní àfonífojì odò Semliki, ó sì ga dé mítà 5,109 ní ṣóńṣó Margherita. Ní gbogbo Áfíríkà, Kilimanjaro àti òkè Kẹ́ńyà nìkan ló ga jù ú lọ.

Ilẹ̀ tó gbé òkè náà sókè kò tíì sinmi. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1966, ìmìtìtì ilẹ̀ kan wó ọ̀pọ̀ ilé lulẹ̀ ní agbègbè náà, ẹ̀mí tó bá a lọ sì ju 100 lọ. 

Orúkọ àwọn àlejò

Agbo òkè mẹ́fà ló para pọ̀ di orí Rwenzori, gbogbo wọn ló sì ga ju mítà 4,600 lọ: Stanley, Speke, Baker, Emin, Gessi àti Luigi di Savoia. Àfonífojì jíjìn ló pín wọn níyà, adágún omi dúdú sì wà nínú àwọn kan lára àfonífojì náà. Bujuku ni ọ̀kan. Kitandara jẹ́ méjì tó wà nítòsí ara wọn, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló sì máa ń sọ pé wọn kò rí ibi tó rẹwà tó o lórí òkè yìí.

Ẹni tó bá ka àwọn orúkọ mẹ́fà yẹn yóò rí i pé kò sí ti ọmọ Áfíríkà kan níbẹ̀. Láti ọ̀rúndún kejì ni ọ̀mọ̀wé Ptolemy ní Alexandria ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òkè kan wà tó ń pèsè omi odò Náílì, ó pè wọ́n ní Òkè Òṣùpá. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù ti ń wá wọn. Nígbà tí arìnrìn-àjò Stanley kọ̀wé ní ọdún 1888 pé òun ti fojú rí òkè oníyìnyín, àwọn Bakonzo ti ń gbé ara òkè náà fún ìran dé ìran. Wọ́n ń ṣọdẹ nínú igbó rẹ̀, wọ́n ń dáko ní ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fún àwọn ṣóńṣó rẹ̀ lórúkọ.

Ní ọdún 1906, ọmọ ọba Ítálì kan, Luigi Amedeo tó jẹ́ Duke ti Abruzzi, kó àwọn atúnilẹ̀wò àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ alábàárù lọ síbẹ̀. Wọ́n gun àwọn ṣóńṣó gíga náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n yàwòrán rẹ̀. Duke náà fi orúkọ ọbabìnrin Ítálì sọ ṣóńṣó tó ga jù, ó fi ti Alexandra, ọbabìnrin Ìlú Ọba, sọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tó iṣẹ́. Fọ́tò tí Vittorio Sella yà nígbà náà ṣì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí yìnyín ṣe pọ̀ tó ní ọdún 1906. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó tó àkókò kí àwọn àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ùgáńdà fúnra rẹ̀ máa kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀. Kiyanja ni àwọn Bakonzo ń pe òkè tí ìwé ń pè ní Baker. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá jókòó sí ìlú Kasese ní ẹsẹ̀ òkè, tó ń wo òkè náà láti ojú fèrèsé, yẹ kó mọ orúkọ tí bàbá bàbá rẹ̀ ń pè é.

Láti igbó dé ibi tí koríko kò sí

Bí alábàárù àti àlejò bá ti kúrò ní Nyakalengija, inú igbó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀. Igi ńlá, ìtàkùn, omi tó ń ró lábẹ́ òkúta. Àwọn ìnàkí wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ rí wọn, a máa ń gbọ́ igbe wọn. Agẹmọ kan wà níbẹ̀ tí akọ rẹ̀ ní ìwo mẹ́ta níwájú orí. Ìbátan àlùkò tiwa náà ń gbé ibẹ̀, ẹyẹ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ pupa yòò nígbà tó bá fò, tó sì jẹ́ pé àwọn òkè àfonífojì apá yìí nìkan ni a ti ń rí irú rẹ̀.

Ilé ìsinmi àkọ́kọ́, Nyabitaba, wà ní bíi mítà 2,650. Kò pẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ tí igi ńlá fi àyè sílẹ̀ fún ọparun. Ọparun pọ̀ débi pé ọ̀nà á di ihò tóóró láàárín wọn. Lẹ́yìn ọparun, ní bíi mítà 3,000, ni ayé yí padà pátápátá.

Igi tó kù níbẹ̀ ni Erica. Ní Yúróòpù, igbó ṣẹ́ṣẹ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju orúnkún lọ ni ìbátan rẹ̀. Lórí Rwenzori, ó ga ju ilé alájà kan lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ wọ́lọ́wọ́lọ́, nǹkan eléérú kan tó dà bí irùngbọ̀n arúgbó sì ń rọ̀ láti ara gbogbo wọn. Ewé rírọ̀ tó ń mu omi bo òkúta, ó bo gbòǹgbò, ó bo igi tó ti wó. Ẹni tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yóò rí omi tó ń tú jáde láàárín ìka rẹ̀.

Àwọn àbàtà ló tẹ̀ lé e. Èyí tó lókìkí jù ni wọ́n ń pè ní Bigo, lójú ọ̀nà Bujuku. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń fò láti orí ìdì koríko kan sí èkejì, ẹni tó bá ṣìṣe á rì dé itan. Wọ́n ti tẹ́ pátákó sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ báyìí. Àwọn afinimọ̀nà máa ń kìlọ̀ pé kí a má kúrò lórí pátákó náà. Kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ wa nìkan: bí a bá tẹ àbàtà náà mọ́lẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò.

Ní òkè mítà 3,800 ni àwọn ewéko òmìrán wà. Lòbẹ́líà, tó jẹ́ ewéko kékeré nínú ìkòkò òdòdó níbòmíràn, nà ró bí ọ̀pá níbẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ. Dendrosenecio ní ìtì bíi ti igi, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sì kó jọ sí orí rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ní agbede-méjì ayé, ìyàtọ̀ láàárín oṣù kan sí èkejì kò tó nǹkan, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọ̀sán àti òru. Oòrùn lè ta èèyàn lára ní ọ̀sán, kí omi inú ìgò sì dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ewéko tó bá fẹ́ yè níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀ ní alaalẹ́. Ewé Dendrosenecio tó bá gbẹ kì í já bọ́, ńṣe ló máa ń rọ̀ mọ́ ìtì igi náà, tí á sì di aṣọ òtútù fún un. Ewé tuntun máa ń pa dé lálẹ́, ó máa ń ṣí ní òwúrọ̀, kí òtútù má baà dé ọ̀mùnú àárín.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, òkúta àti yìnyín ló kù. Ilé ìsinmi Elena, tí àwọn tó ń gun Margherita máa ń sùn sí, wà ní mítà 4,541. Òru níbẹ̀ kì í ṣe òru oorun. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, orí ń fọ́ni, òtútù wọ egungun, bẹ́ẹ̀ aago méjì òru ni wọ́n máa ń jí gbéra.

Yìnyín ń lọ

Nígbà tí Duke ti Abruzzi dé ibẹ̀ ní ọdún 1906, yìnyín wà lórí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn onímọ̀ tó fi fọ́tò àti àwòrán ilẹ̀ ìgbà náà ṣe ìṣirò sọ pé gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 6.5 níbùú lóròó. Ní ọdún 1987, ó ti wálẹ̀ sí bíi 2. Ní ọdún 2003, kò pé 1 mọ́. Kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí ni Emin, Gessi àti Luigi di Savoia ti pàdánù tiwọn. Stanley, Speke àti Baker nìkan ló ṣì ní tiwọn nígbà náà, àwọn náà sì ń joro sí i lọ́dọọdún.

Àwọn afinimọ̀nà kò nílò ìwé ìwádìí láti mọ èyí. Wọ́n sọ pé ọ̀nà Margherita kò dúró sójú kan mọ́. Níbi tí bàbá wọn ti ń rìn lórí yìnyín, òkúta lásán ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé àkàbà sí àwọn ibi kan tí yìnyín ti fà sẹ́yìn, tó fi ògiri òkúta sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó fà á. Àwọn kan sọ pé ooru ayé tó ń pọ̀ sí i ni, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ láti fi hàn pé agbègbè náà ti móoru sí i láti ọdún 1960 wá. Àwọn míràn ní kí a wo ìkúukùu: bí ìkúukùu bá dín, tí òjò yìnyín náà sì dín, oòrùn á máa jẹ yìnyín láìsí ohun tó ń dípò rẹ̀, ìyẹn sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lójú tèmi, àríyànjiyàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tó ń bọ̀ padà. Ní ọdún 2022, UNESCO sọ pé àwọn yìnyín tó wà ní àwọn ibi àjogúnbá ayé ní Áfíríkà, títí kan Rwenzori, lè pòórá tán kí ọdún 2050 tó dé.

Fún àwọn Bakonzo, àdánù náà kọjá ti òkúta àti omi. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Kitasamba, òrìṣà tó ni òkè náà, inú yìnyín ló ń gbé. Àwọn àgbà kan ka bí yìnyín ṣe ń lọ sí àmì pé àárín òrìṣà àti ènìyàn kò gún mọ́, pé àwọn ọmọ ènìyàn ti ba ilé rẹ̀ jẹ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn méjèèjì jọ ń tọ́ka sí ìwà ènìyàn náà ni.

Ibi tí omi ti ń wá

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé bí yìnyín bá tán, àwọn odò Rwenzori á gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá làákàyè mu. Yìnyín wà lókè, odò ń ṣàn láti òkè wá, yìnyín ló gbọ́dọ̀ jẹ́ orísun odò.

Àwọn onímọ̀ nípa omi láti Ùgáńdà àti Ìlú Ọba lọ wọ̀n ọ́n. Wọ́n wọn omi tó ń yọ́ láti ara yìnyín, wọ́n wọn omi tó ń kọjá nínú odò Mubuku ní ẹsẹ̀ òkè. Ohun tí wọ́n rí ni pé omi yìnyín kò pé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìyókù, òjò ni.

Òjò ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Kasese, ìlú tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, jẹ́ ibi ooru àti eruku. Igbó tó wà lókè rẹ̀ ń gba òjò tó ju mìlímítà 2,000 lọ lọ́dún, ti Kasese kò sì tó ìdajì rẹ̀. Ìkúukùu tó ń wá láti igbó Kóńgò àti láti ìhà adágún Victoria ń kọlu òkè náà, ó ń gòkè, ó ń tutù, ó ń di òjò.

Ṣùgbọ́n òjò nìkan kò tó. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkúta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á ṣàn lọ ní wákàtí kan, odò á kún àkúnya, lọ́jọ́ kejì odò á gbẹ. Ohun tó mú kí Mubuku máa ṣàn lọ́sàn-án àti lóru, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, ni àwọn àbàtà tí àlejò ń kọ́sẹ̀ nínú wọn, àti ewé rírọ̀ inú igbó Erica, àti igbó ńlá tó wà nísàlẹ̀ wọn. Wọ́n ń mu òjò, wọ́n ń pa á mọ́, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2009, wọ́n fi òkè náà kún àwọn ibi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò nítorí àbàtà wọn. Ìròyìn yẹn kò gba àyè púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn ayé bíi ti yìnyín.

Ẹ wo bí omi náà ṣe ń rìn. Odò Mubuku àti odò Nyamwamba sọ̀kalẹ̀ sí ìlà-oòrùn, wọ́n wọ adágún George. Láti George, omi gba ipa omi Kazinga wọ adágún Edward. Odò Semliki jáde láti Edward, ó yí gba ẹ̀yìn òkè náà lọ sí àríwá, ní ìhà Kóńgò, níbi tí àwọn odò ìwọ̀-oòrùn òkè ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ adágún Albert, ó sì di Náílì. Òjò tó bá rọ̀ sí ìhà Ùgáńdà àti èyí tó rọ̀ sí ìhà Kóńgò máa ń pàdé nínú Semliki. Ptolemy kò rí ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ohun tó kọ nípa omi Náílì ní òótọ́ nínú.

Omi yẹn ló ń bọ́ àwọn ènìyàn. Oko ìrẹsì àti àgbàdo tí wọ́n ń fi omi Mubuku rin wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná wà lórí odò náà. Àwọn apẹja ní adágún George ń fi í jẹun. Kọfí Arabica tó ń hù ní ẹsẹ̀ òkè ń tà dé òkè òkun. Àwọn àgbẹ̀ kọfí ní tiwọn ń ráhùn pé òjò kò mọ ìgbà tirẹ̀ mọ́: àkókò tó yẹ kí kọfí gbẹ lórí ẹní ni òjò ń rọ̀.

Odò tó ya wọ ìlú

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Nyamwamba kún. Kì í ṣe omi nìkan ló sọ̀kalẹ̀. Òkúta tó tóbi tó ilé, ìtì igi, ẹrẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ gba àfonífojì Kilembe wọ Kasese. Ẹ̀mí ṣòfò, afárá wó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sá kúrò nílé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, odò náà tún ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn odò míràn ní agbègbè náà. Omi ba ilé ìwòsàn Kilembe jẹ́ débi pé wọ́n ní láti kó àwọn aláìsàn kúrò.

Òjò líle ló fà á, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n òjò líle ti máa ń rọ̀ lórí Rwenzori tipẹ́tipẹ́. Ohun tó yí padà ni ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, nínú ẹ̀rùn, iná jó igbó Erica ní òkè, títí dé ibi gíga tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó tutù jù fún iná. Àwọn onímọ̀ nípa igbó gbà pé bí ewéko tó ń mu omi bá jóná, omi kò ní ibi tí yóò sinmi sí mọ́. Nísàlẹ̀, oko ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ títí kan ẹnu ààlà igbó ọba.

Àfonífojì Kilembe tún ní ẹrù tirẹ̀. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ń wa bàbà níbẹ̀, reluwé sì dé Kasese ní ọdún kan náà nítorí bàbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òkìtì pàǹtí ìwakùsà ṣẹ́ kù sí ẹ̀bá odò. Bí odò bá ti kún, ó máa ń wọ́ nínú rẹ̀ lọ. Omi tí ó mọ́ gaara lókè, tí kò sí ẹlòmíràn tó mu ún ju ẹtu àti ọ̀wàwà lọ, ló máa ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn pẹ̀lú májèlé bàbà nínú.

Àwọn obìnrin tó ń pọn omi ní ẹ̀bá Nyamwamba mọ èyí. Wọ́n mọ ọjọ́ tí odò yí àwọ̀ padà. Ẹni tí kò lówó láti gbẹ́ kànga, odò náà ló ń padà sí.

Ta ló ni òkè?

Ìjọba Ùgáńdà sọ Rwenzori di ọgbà ìtọ́jú ohun àdámọ́ ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, ó fẹ̀ tó kìlómítà 996 níbùú lóròó. Ní ọdún 1994, UNESCO fi í kún àwọn ibi àjogúnbá ayé. Ìhà Kóńgò wà nínú ọgbà Virunga. Ogun ọlọ̀tẹ̀ dé sí òkè náà ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ọgbà náà pa láti 1997 sí 2001, UNESCO sì fi í sínú àwọn ibi tó wà nínú ewu láti 1999 títí di 2004.

Ààlà ọgbà náà gba ibi tí àwọn Bakonzo ti ń ṣọdẹ àti ibi tí wọ́n ti ń rúbọ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá wọ inú igbó bàbá rẹ̀ ń di arúfin. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn abúlé kan, kí wọ́n lè gé ọparun, kí wọ́n fa oyin, kí wọ́n já ewé oògùn, kí àwọn àgbà sì lè dé ojúbọ wọn. Àdéhùn dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ẹnu ààlà ń sọ pé iṣẹ́ alábàárù kì í dé ọ̀dọ̀ wọn ju ìgbà díẹ̀ lọ lọ́dún, ilẹ̀ oko sì ti kéré jù fún iye ọmọ tó wà nínú ilé.

Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń jáde nípa Rwenzori. Wọ́n máa ń pè wá kí a wá wo yìnyín kó tó tán, bí ẹni pé nígbà tí yìnyín bá tán, òkè náà ti parí. Kò sí ohun tí Bakonzo kan tàbí ìjọba Ùgáńdà lè dá ṣe tí yóò dá yìnyín Margherita padà. Ohun tó fa èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà wá láti ilẹ̀ àwọn tó lówó jù wọ́n lọ.

Àbàtà Bigo kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó Erica kò rí bẹ́ẹ̀. Pàǹtí Kilembe kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nyí wà níkàáwọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. A lè ṣọ́ igbó kí iná má baà wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀rùn. A lè gbin igi padà sí etí odò, kí a san owó fún àgbẹ̀ tó bá gbà kí igi dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. A lè kó pàǹtí ìwakùsà kúrò lójú ọ̀nà omi. Owó tí àlejò ń san láti gun òkè yẹ kó dé ọwọ́ àwọn abúlé tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kó má mọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà.

Bí ẹ̀yin tó ń ka èyí bá ní àyè láti lọ, ẹ lọ. Ẹ sanwó fún alábàárù bó ṣe yẹ, ẹ má kúrò lórí pátákó àbàtà, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà yín orúkọ tí àwọn Bakonzo ń pe ṣóńṣó tí ẹ ń wò. Ìjọba àti àwọn àjọ tó ní owó fún òkè yìí ni kó kọ́kọ́ ná an sí etí odò Nyamwamba, níbi tí ìkún-omi mìíràn ti lè gba ilé àti ẹ̀mí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.